Kí Ló Dé Tí Ọmọ Jámánì Ò Lè Ka Lẹ́tà Bàbá Àgbà Ẹ̀?

Látìgbà tí ìròyìn ti ń lọ káàkiri pé AI ti ń ka àwọn lẹ́tà àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ Jámánì ò lè kà, ìbéèrè ò jẹ́ kí n sinmi.

Ṣé wọn ò gbọ́ èdè wọn mọ́ ni?

Wọ́n gbọ́ ọ dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ ló yàtọ̀.

Kí ló yí i padà?

Kurrent, irú ìkọ̀wé àfọwọ́kọ àtijọ́ kan, ni wọ́n ń kọ látayé baba ńlá wọn, nígbà tó di 1915 àwọn ilé ìwé Prussia, ìpínlẹ̀ tó tóbi jù ní Jámánì nígbà yẹn, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ ní èyí tó rọrùn díẹ̀ tí ayàwòrán kan, Ludwig Sütterlin, ṣe. Ní 1941 ìjọba Hitler fòfin de méjèèjì, wọ́n ní lẹ́tà Látìn, irú èyí tí àwa náà ń kọ, ni kí wọ́n máa kọ́ ọmọ, bó ṣe di pé ọmọ ò lè ka ìwé tí ìyá ẹ̀ kọ nìyẹn.

Kí ló wá le níbẹ̀?

Lẹ́tà e ni! e wọn jọ n bí ìbejì, igi kékeré méjì tó fara tira. n náà igi méjì, u náà igi méjì. Ẹ wo ọ̀rọ̀ "einen": igi mẹ́sàn-án tó tò tẹ̀ léra bí eyín ayùn, àmì orí i nìkan lẹ máa rí dì mú. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fi ìlà kékeré tó tẹ̀ sórí u kó má baà di n. s àárín ọ̀rọ̀ sì gùn gbọọrọ, ẹni tí ò mọ̀ á pè é ní f.

Ṣé ó kàn wá?

Ó kàn wá díẹ̀. Jámánì ló ṣàkóso Tógò títí di 1914, ìlú Atakpamé tí àwọn Ifẹ̀ tó ń sọ èdè tó bá tiwa tan wà náà sì wà lábẹ́ wọn.

Tí mo bá ní irú ìwé yìí ńkọ́?

Ẹ kọ́kọ́ yà á ní fọ́tò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má laminate ẹ̀. Ẹ wá orúkọ èèyàn àti ìlú, wọ́n sábà máa ń fi lẹ́tà Látìn kọ ìyẹn. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi Kurrent kọ orúkọ tiyín léraléra, nǹkan tọ́wọ́ bá ti mọ̀, ojú á tètè dá a mọ̀.

Ṣé kí n kúkú kó o fún AI?

Ẹ lò ó, Transkribus, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ka ìwé àfọwọ́kọ, wà fún irú ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fojú ara yín yẹ orúkọ àti déètì wò. Tẹ́ ẹ bá rí "7ber", September ni o, kì í ṣe July, torí septem ni eéje lédè Látìn; "8ber" ni October. Tó bá jẹ́ déètì ìbí ọmọ kan ni, ẹni tó bá kọ July sílẹ̀ á wá ọmọ náà títí nínú ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì, kò ní rí i.