Kì í ṣe gbogbo ẹni tó jẹ gbèsè ló lu jìbìtì

Ní Ìkòròdú, láti ọjà Sábó títí dé Ẹ̀bútè, ẹnikẹ́ni tó bá gbowó tí kò mú àdéhùn ṣẹ ti di ọmọ 419 nìyẹn. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká yé da ọ̀rọ̀ wọ̀nyí pọ̀, torí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò lẹ́ẹ̀kejì.

Èèyàn lè purọ́ kó má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kankan. Kóńgò gààrí tí wọ́n tẹ ìdí rẹ̀ wọnú, ìrẹ́jẹ nìyẹn, òfin òṣùwọ̀n ló kàn án. Jìbìtì ni kí irọ́ ṣíwájú, kí owó tẹ̀ lé e. 419 fúnra rẹ̀, nọ́ńbà abala kan nínú òfin ìwà ọ̀daràn ni. Nínú òfin ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2015, abala 314 ni ẹ̀ṣẹ̀ yẹn wà.

Ohun tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ gbọ́ ni ọ̀rọ̀ àsìkò. Abala 418, tó ṣáájú 419 nínú òfin ìwà ọ̀daràn yẹn, sọ pé irọ́ náà gbọ́dọ̀ dá lórí ohun tó ti ṣẹlẹ̀, tàbí ohun tó wà nílẹ̀ lásìkò tí wọ́n ń sọ ọ́, kí ẹni tó ń sọ ọ́ sì mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀, tàbí kó má gbà pé òótọ́ ni. Òfin jìbìtì ọdún 2006, tó ń fi èèyàn sẹ́wọ̀n ọdún 7 sí 20 láìsí owó ìtanràn, ohun kan náà ló sọ. Kò sí ọ̀la nínú rẹ̀.

Èdè wa gan-an mọ ìyàtọ̀ yìí. Ẹ máa fetí sí “ti” àti “wà”, kí ẹ tún fetí sí “máa”. Tí ẹlẹ́ja bá ní, “Ẹja ti dé, ogún páálí wà nínú fírísà mi,” tí fírísà ṣófo, tó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, tí ọ̀rọ̀ yẹn ló jẹ́ kí ẹ fowó ránṣẹ́, ẹjọ́ jìbìtì ń bọ̀ nìyẹn. Tó bá ní, “Ẹja máa dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun,” tí ẹja ò dé, ó já àdéhùn, ó sì jẹ yín ní gbèsè. Bákan náà ni ilẹ̀: “Ìjọba ò gbẹ́sẹ̀ lé e” kì í ṣe ẹgbẹ́ “Títì máa gba ibí kọjá.”

Kì í fìgbà gbogbo mọ́lẹ̀ tó báyẹn. “Máa” lè bo “ni” mọ́lẹ̀: ẹni tó ní òun máa bá yín wáṣẹ́ ní Aláúsá, pé ẹ̀gbọ́n òun ni ọ̀gá ibẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yẹn ni adájọ́ lè dì mú. Ṣẹ́ẹ̀kì náà yàtọ̀: tí ẹ bá gbé e lọ sí báńkì láàárín oṣù mẹ́ta, tí kò sówó níbẹ̀, òfin ọdún 1977 lè rán ẹni tó kọ ọ́ lẹ́wọ̀n ọdún méjì.

Ẹ má torí gbèsè lásán ní kí ọlọ́pàá lọ mú èèyàn. Abala 32 òfin ọlọ́pàá ọdún 2020 kà á léèwọ̀. Ẹ kọ lẹ́tà kí ẹ fi béèrè owó yín. Tí kò bá ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, ilé ẹjọ́ gbèsè kéékèèké tí Èkó dá sílẹ̀ lọ́dún 2018 wà fún un.

Kí ẹ tó fowó ránṣẹ́, ẹ béèrè lórí WhatsApp: “Ṣé ọjà náà wà lọ́wọ́ yín báyìí? Ibo ló wà?” Ẹ dúró gba èsì kí ẹ tó tẹ owó. Èsì tó bá dé lẹ́yìn owó kọ́ ló mú yín san án, agbẹjọ́rò ẹni tó gbowó yín ò sì ní gbàgbé láti sọ bẹ́ẹ̀.