Káàdì Àsansílẹ̀ fún Ọjà Rírà Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Káàdì àsansílẹ̀ ni káàdì ìsanwó tí owó gbọ́dọ̀ ti wà nínú rẹ̀ kí a tó lè ná an. Kì í fa owó láti inú àkáǹtì báńkì bíi káàdì ATM, kì í sì í ṣe káàdì àwìn. Ẹni tó bá ti fi èékánná ha káàdì ríṣáàjì rí, tó tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sórí fóònù, ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà.

Èyí tó sún mọ́ ríṣáàjì jù ni paysafecard, tó bẹ̀rẹ̀ ní Vienna, lórílẹ̀-èdè Austria, lọ́dún 2000. Oníbàárà á sanwó ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á fún un ní nọ́ńbà oní-díjíìtì 16, á sì tẹ̀ ẹ́ síbi ìsanwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Visa àti Mastercard náà ní tiwọn: òmíràn jẹ́ ike, òmíràn kò ju nọ́ńbà inú fóònù lọ.

Àǹfààní rẹ̀ ni pé àdánù ní ìwọ̀n. Bí ènìyàn bá kó 50 dọ́là sínú káàdì, tó fi 42 ra bàtà, tí àwọn olè wá jí nọ́ńbà káàdì náà nínú kọ̀ǹpútà olùtajà, 8 dọ́là péré ni wọ́n máa bá níbẹ̀. Ọwọ́ wọn kò tó owó oṣù tó wà ní báńkì. 8 dọ́là yẹn náà ní wàhálà tirẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ìkànnì kì í gba káàdì méjì fún ọjà kan. Àwọn tó mọ ọ̀nà rẹ̀ máa ń fi ṣẹ́kù ra káàdì ẹ̀bùn ìkànnì náà, kí ó lè dà pọ̀ mọ́ owó míì.

Ní ti àṣírí, olùtajà lè má mọ báńkì ẹni, ṣùgbọ́n bàtà kì í dédé bá ènìyàn nílé láìgba àdírẹ́sì. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ olùtajà máa ń fi àdírẹ́sì tí oníbàárà kọ wé èyí tó wà lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ṣe káàdì. Káàdì tí a kò forúkọ sí lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Òfin pẹ̀lú ti ń fún káàdì aláìlórúkọ lọ́rùn. Láti 10 Oṣù Kìíní 2020, Ìṣọ̀kan Yúróòpù dín owó tí káàdì aláìlórúkọ lè gbà kù láti 250 yúrò sí 150, àti sí 50 fún ìsanwó orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Nàìjíríà, nígbà tí ọ̀pọ̀ báńkì dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókèèrè kù sí 20 dọ́là lóṣù ní 2022, àwọn ènìyàn yíjú sí káàdì dọ́là orí fóònù. BVN tàbí NIN ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè níbẹ̀.

Àwọn olè kan máa ń tú páálí káàdì ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á da nọ́ńbà rẹ̀ kọ, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ padà, wọ́n á wá dúró de ọjọ́ tí ẹnìkan á kówó sí i. Páálí tó ya tàbí tí wọ́n ti ha, kí a má rà á. Ẹni tó bá sì pe ènìyàn pé kó ra káàdì, kó ka nọ́ńbà rẹ̀ sóun létí, gbájúẹ̀ ni, ì báà pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ ìjọba.

Láti 1 Oṣù Kẹrin 2019, òfin Amẹ́ríkà fún káàdì àsansílẹ̀ ní ààbò tó jọ ti àkáǹtì báńkì. Káàdì ẹ̀bùn kò sí nínú rẹ̀, ẹni tí kò sì jẹ́ kí wọ́n fìdí orúkọ òun múlẹ̀ lè má rí owó rẹ̀ gbà padà bí olè bá ná an.