Bí wọ́n ṣe ń pín sákíìtì sí méjì: ọgbọ́n Kernighan àti Lin

Sákíìtì kọ̀ǹpútà tó bá ti tóbi kì í gbà sórí bọ́ọ̀dù kan, wọ́n á ní láti pín in, apá kan síbí, apá kan sọ́hùn-ún. Wáyà wá ni wàhálà ẹ̀. Èyí tó wà nínú bọ́ọ̀dù kan náà kúrú, ò sì náni lówó, àmọ́ èyí tó bá ti ń sọdá sí bọ́ọ̀dù kejì máa ń gùn, iṣẹ́ á falẹ̀, ojú ibi tí wọ́n á sì ti so ó mọ́ bọ́ọ̀dù níye. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí apá méjèèjì dọ́gba, kí wáyà tó ń sọdá sì kéré. Ohun tí wọ́n ń pè ní graph partitioning nìyẹn.

Ẹ ò lè ní kẹ́ ẹ dán gbogbo ẹ̀ wò o. Ẹ̀yà 20 péré, ọ̀nà tẹ́ ẹ lè gbà pín in sí 10-10 jẹ́ 92,378, tó bá di 40 ó ti lé ní bílíọ̀nù 68, sákíìtì gidi sì ju 40 lọ fíìfíì. Ìdí tí wọ́n fi ń lo heuristic nìyẹn, ọgbọ́n tí ò ṣèlérí pé òun á rí èyí tó dáa jù, àmọ́ tó máa ń tètè rí èyí tó dáa gan-an.

Brian Kernighan (òun náà ni K tó wà nínú orúkọ èdè kọ̀ǹpútà AWK) àti Shen Lin ní ilé ìwádìí Bell Labs l'Amẹ́ríkà gbé tiwọn jáde ní 1970. Ẹ kọ́kọ́ pín in bó ṣe wù yín, kẹ́ ẹ wá wo ẹ̀yà kan lápá òsì, ká ní wáyà ẹ̀ 3 ń sọdá, 1 ò sọdá, 3 yọ 1 ku 2. Ẹ̀yà kan lápá ọ̀tún, 2 ń sọdá, 1 ò sọdá, ó ku 1. Ẹ ro méjèèjì pọ̀, 3, àmọ́ tí wáyà kan bá so àwọn méjèèjì yìí gan-an pọ̀, ẹ yọ 2 kúrò, torí tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ wọn, wáyà yẹn ṣì máa sọdá náà ni. Èrè ẹ̀, ìyẹn iye tí wáyà tó ń sọdá fi máa dín kù, jẹ́ 1.

Méjì tí èrè wọn bá pọ̀ jù ni wọ́n ń pààrọ̀, wọ́n á tì wọ́n pa, ìyẹn ni pé wọn ò ní fọwọ́ kàn wọ́n mọ́, wọ́n á tún wá méjì míì títí gbogbo ẹ̀ á fi tán. Ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé: bí pààrọ̀ tó kàn bá tiẹ̀ máa mú àdánù wá, wọ́n á ṣe é bẹ́ẹ̀! Ká ní àkọ́kọ́ mú 1 wá, ìkejì sọ 2 nù, ìkẹta mú 4 wá, àròpọ̀ ẹ̀ ti di 3, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá sá fún àdánù ìkejì yẹn, orí 1 ló máa jókòó sí. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ ni wọ́n á wá wo ibi tí àròpọ̀ ti ga jù, wọ́n á dúró níbẹ̀, wọ́n á fagi lé ìyókù, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀, ó dìgbà tí èrè ò bá sí mọ́.

Ó ń jẹ àkókò ṣá. Ní 1982, Fiduccia àti Mattheyses ní General Electric ní kí wọ́n má pààrọ̀ méjì mọ́, ẹyọ kan ṣoṣo ni kí wọ́n máa gbé sọdá, kí wọ́n sì to àwọn ẹ̀yà sí ìsọ̀rí-ìsọ̀rí bí èrè wọn ṣe pọ̀ tó, kí èyí tó ga jù má sọnù lójú wọn. Ìyẹn mú kó yá gan-an, òun sì ni wọ́n ṣì ń lò nínú àwọn sọ́fítíwià tó ń kọ́kọ́ fún sákíìtì ńlá pọ̀ di kékeré, tó ń pín in, tó wá ń tú u díẹ̀díẹ̀, tó sì ń tún ìpín náà ṣe ní gbogbo ìpele.