Ìdí tí abẹ́rẹ́ àjẹsára kọ̀ọ̀kan fi ní àkókò tirẹ̀, láti ìkókó dé àgbà

Kí ọmọ tuntun tó kúrò nílé ìgbẹ̀bí ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ló ti yẹ kí àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ wọ inú kárínẹ́ rẹ̀, ìyẹn ìwé àjẹsára. Wọ́n á gún un ní BCG lápá òsì nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ, pàápàá irú èyí tó máa ń ràn mọ́ ọpọlọ ọmọdé, wọ́n á sì kán oògùn rọpárọsẹ̀ sí i lẹ́nu. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ojú abẹ́rẹ́ BCG á yọ ìléròrò, ó lè ṣọyún díẹ̀, kó tó gbẹ kó fi àpá sílẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Kò sí ìdí láti fi adí tàbí ewé kankan sí i.

Déètì tó tẹ̀ lé e ni ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14. Pẹ́ńtà ni olórí abẹ́rẹ́ ìgbà yìí. Àrùn márùn-ún ló ń dènà pọ̀: dìfitéríà tó ń dí ọ̀fun, tẹ́tánọ́ọ̀sì, ikọ́ àwúbì, mẹ́dọ̀wú oríṣi B, àti kòkòrò Hib tó ń fa yírùnyírùn. Wọ́n tún ń gún ọmọ nítorí òtútù àyà, wọ́n sì ń kán ti rọpárọsẹ̀ àti ti ìgbẹ́ gbuuru sí i lẹ́nu. Kí ló dé tó fi jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta? Bí ìgbà tí a ń kọ́ ọmọ lóríkì ilé wọn ni. Tí ara bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, á mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ gbàgbé. Ẹlẹ́ẹ̀kejì àti ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló ń jẹ́ kó wọ̀ ọ́ lára. Ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ 4 gbọ́dọ̀ wà láàárín méjì, kí ara lè parí iṣẹ́ ti ìṣáájú.

Ìyá tó lọ sí abà nígbà ìkórè, tàbí tó ré kọjá sí Nàìjíríà lọ tajà, tí déètì fi kọjá, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì bàjẹ́. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibi tí wọ́n dúró ni wọ́n ti ń tẹ̀ síwájú. Ọ̀sẹ̀ 6, 10 àti 14 yìí kan náà ni Nàìjíríà ń lò, nítorí náà kó máa mú kárínẹ́ dání. Ìbẹ̀rù èébú ló ń dá ọ̀pọ̀ ìyá dúró sílé, ó sì dunni, torí ọmọ tó gba ẹyọ kan tó dúró síbẹ̀ kò ní ààbò tí ìyá rẹ̀ rò pé ó ní.

Èéyi ní tirẹ̀ ń dúró di oṣù 9. Ìyá tó ti ní èéyi rí, tàbí tó ti gba abẹ́rẹ́ rẹ̀, ti fún ọmọ ní ààbò látinú oyún. Ààbò yìí dára, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí oògùn abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́ dáadáa, nítorí náà wọ́n ń dúró kó kọ́kọ́ tán lára ọmọ. Síbẹ̀, nínú ọmọ 100 tó gbà á ní oṣù 9, bíi 85 ló ń rí ààbò. Ìyẹn ló fa ẹlẹ́ẹ̀kejì, láàárín oṣù 15 sí 18, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pa jẹ torí ọmọ ti ń rìn, ara rẹ̀ sì le. Oṣù 9 náà ni ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, tí ẹyọ kan rẹ̀ tó fún gbogbo ayé ẹni.

Ìyá lè gbé ọmọ dé kí wọ́n ní kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Ìyẹ̀fun ni oògùn èéyi nínú ìgò. Ìgò kan sábà máa ń tó ọmọ 10, ti BCG a tó 20. Tí wọ́n bá ti fi omi rẹ̀ pò ó, wákàtí 6 péré ló kù fún un, èyí tó bá ṣẹ́ kù, dídànù ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yan ọjọ́ tí ọmọ á pọ̀. Ó yẹ kí nọ́ọ̀sì ṣàlàyé èyí fún ẹni tó rìn jìnnà wá, kó má kàn dá a padà.

Òtútù ni ẹ̀mí oògùn wọ̀nyí, láàárín 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius. Lára ìgò, àmì róbótó kékeré kan wà tí igun mẹ́rin tó mọ́ wà láàárín rẹ̀. Bí ooru bá ṣe ń mú ìgò náà ni igun mẹ́rin yẹn ń dúdú sí i. Tó bá ti dúdú tó róbótó tó yí i ká, wọn kò gbọ́dọ̀ lò ó mọ́. Ìyá lè ní kí wọ́n fi han òun.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹrin 2024, Bẹ̀nẹ̀ bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ibà ẹ̀fọn fún ọmọdé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ń gbà á. Kò dènà ibà pátápátá, nítorí náà ọmọ ṣì gbọ́dọ̀ máa sùn nínú àwọ̀n.

Fún ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n gba abẹ́rẹ́ HPV kí wọ́n tó mọ ọkùnrin, torí ìbálòpọ̀ ni kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ń bá wọlé. Ti aláboyún ni tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ojú ìwọ́ tí wọ́n fi abẹ ìdọ̀tí gé ló ń gbà wọ ara ìkókó. Páárì á le, ọmọ kò ní lè mu ọmú mọ́. Ẹni tí kò gbà á rí á gba méjì nínú oyún, ọ̀sẹ̀ 4 láàárín wọn, èkejì á sì ṣáájú ìbímọ ní ọ̀sẹ̀ 2 ó kéré tán. Tó bá pé márùn-ún lápapọ̀, ó tó fún gbogbo ọdún ìbímọ rẹ̀.

Alálàájì gbọ́dọ̀ ti gba ti yírùnyírùn ní ọjọ́ 10 ó kéré tán kó tó dé Mẹ́kà. Ti dìgbòlugi kì í wo ọjọ́ orí rárá. Ẹni tí ajá bá bù jẹ, kó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kó sì lọ gba abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Abẹ́rẹ́ yìí ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn tí ajá ti bu èèyàn jẹ, ṣùgbọ́n bí àmì àrùn bá ti yọ, ẹ̀pa ò bóró mọ́.