Kí Ni Àpèjúwe Irinṣẹ́ fún Ẹ́jẹ́ǹtì AI, Báwo Ni A Sì Ṣe Ń Kọ Ọ́ Kó Yé?

Ẹ́jẹ́ǹtì AI ni wọ́n ń pe ètò kọ̀ǹpútà tí kì í dáhùn ìbéèrè nìkan, tó tún ń ṣe iṣẹ́ fún ẹni tó rán an: ó lè wá àkọsílẹ̀ oníbàárà, ó lè fi ímeèlì ránṣẹ́, ó sì lè dá owó padà. AI fúnra rẹ̀, ìyẹn ọgbọ́n àtọwọ́dá tó wà nínú ètò náà, kò lè ṣe ìkankan nínú wọn, nítorí ọ̀rọ̀ nìkan ló ń kọ jáde. Irinṣẹ́ tí ẹni tó kọ ètò náà kó sí ìkáwọ́ rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ ọ̀hún. Nǹkan mẹ́ta ni AI ń rí lára irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: orúkọ rẹ̀, àpèjúwe rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó ń sọ ohun tí irinṣẹ́ náà ń ṣe àti ìgbà tó yẹ kí a lò ó, àti àwọn àyè tí AI lè kọ nǹkan sí kí irinṣẹ́ náà tó ṣiṣẹ́. Kóòdù tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlà àṣẹ tí wọ́n kọ fún kọ̀ǹpútà, pamọ́ fún un pátápátá.

Bí ẹnìkan bá béèrè nǹkan, ètò náà yóò kó ìbéèrè rẹ̀ pọ̀ mọ́ àpèjúwe àwọn irinṣẹ́ tó wà nílẹ̀, yóò sì gbé gbogbo rẹ̀ síwájú AI. AI yóò kà á, yóò kọ orúkọ irinṣẹ́ tó rò pé ó yẹ àti ohun tí yóò wọ àyè kọ̀ọ̀kan. Ètò náà ni yóò wá ṣe iṣẹ́ náà, tí yóò sì jábọ̀ fún AI. Oṣù kẹfà ọdún 2023 ni OpenAI, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ChatGPT, gbé ọ̀nà yìí jáde fún àwọn tó ń kọ ètò, lábẹ́ orúkọ function calling. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2024, Anthropic, ilé-iṣẹ́ tó ṣe AI tó ń jẹ́ Claude, gbé Model Context Protocol jáde, ìyẹn ìlànà tó jẹ́ kí irinṣẹ́ tí ẹnìkan kọ lè bá ẹ́jẹ́ǹtì tí ẹlòmíràn kọ ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà ni àpèjúwe ti gba ìtọ́jú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ẹni tó kọ irinṣẹ́ lè má mọ ẹni tí yóò lò ó rárá.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ owó, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń dunni jù. Paystack, ilé-iṣẹ́ ìsanwó tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní ọdún 2015, kọ́bọ̀ ló fẹ́ kí kóòdù fi kọ iye owó ránṣẹ́ sí òun, kì í ṣe náírà. Ká wá ní oníṣòwò kan fẹ́ kí ẹ́jẹ́ǹtì máa bá òun dá owó padà fún oníbàárà, tí ẹni tó kọ irinṣẹ́ náà sì kọ "Ó ń dá owó padà" sí àpèjúwe, tó pe àyè kan ní "iye", tó sì fi mọ bẹ́ẹ̀. Oníṣòwò yóò ní kí wọ́n dá ₦5,000 padà, AI yóò kọ 5000 sí àyè náà, ₦50 ni yóò sì dé ọwọ́ oníbàárà. Èyí tó tún burú jùyẹn lọ ni pé bí wọn kò bá kọ iye kankan, gbogbo owó tí oníbàárà san ni Paystack yóò dá padà. Ẹni tó ka ìwé ìlànà wọn mọ èyí. AI tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún lè má mọ̀ ọ́n.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Ewu tó wà nínú ti AI ni pé òun náà ń sọ ọ́ di odindi, ṣùgbọ́n èyí tó bá rò ló ń fi kún un, kò sì ní dúró béèrè lọ́pọ̀ ìgbà.

Bí a bá kọ àpèjúwe yẹn dáadáa ní Yorùbá, yóò rí báyìí:

"Ó ń dá gbogbo owó tàbí apá kan owó tí oníbàárà ti san padà fún un. Lò ó nígbà tí oníṣòwò bá ti fọwọ́ sí i. Má ṣe lò ó bó bá jẹ́ pé oníbàárà kàn ń béèrè ibi tí owó rẹ̀ wà. Wa_isanwo ni irinṣẹ́ tó wà fún ìyẹn. Nọ́ńbà ìsanwó ni èyí tó wà lórí rìsíìtì, kì í ṣe nọ́ńbà fóònù. Kọ iye ní kọ́bọ̀: ₦5,000 jẹ́ 500000. Bí àyè iye bá ṣófo, gbogbo owó ni yóò padà. Bí èsì bá sọ pé ó ń lọ lọ́wọ́, owó náà kò tíì dé ọwọ́ oníbàárà."

Lójú tèmi, gbólóhùn "má ṣe lò ó" ló níye lórí jù níbẹ̀, òun sì ni àwọn tó ń kọ irinṣẹ́ máa ń gbàgbé jù. Nígbà tí irinṣẹ́ bá ti pọ̀, tí iṣẹ́ méjì sì jọra, ààlà tó wà láàárín wọn ni AI nílò láti mọ. Orúkọ àyè náà lè ṣèrànwọ́: "iye_ni_kobo" ti sọ púpọ̀ kí a tó dé orí àpèjúwe. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́: 03/04/2025 jẹ́ ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin fún wa, ṣùgbọ́n ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ni fún ará Amẹ́ríkà, nítorí náà kí àpèjúwe ní kí wọ́n kọ ọ́ báyìí, 2025-04-03.

Ìwé ìlànà Anthropic dámọ̀ràn gbólóhùn mẹ́ta sí mẹ́rin, ó kéré tán, fún irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó sì gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ bí irinṣẹ́ náà bá díjú. Síbẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà nínú àpèjúwe ló ń gba àyè, tó sì ń ná owó ní gbogbo ìgbà tí AI bá kà á, nítorí náà kò yẹ kí ìpolówó tàbí ìtàn bí a ṣe kọ irinṣẹ́ náà wà níbẹ̀.

Bó ti wù kí àpèjúwe dára tó, kò lè dí AI lọ́wọ́. Bí owó tó bá ju iye kan lọ bá gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ènìyàn kọjá kó tó padà, inú kóòdù ni kí ìdènà náà wà. Nítorí pé AI ń ka àpèjúwe bí àṣẹ, ẹni ibi lè fi àṣẹ tirẹ̀ pamọ́ sínú àpèjúwe irinṣẹ́ tó pín fún àwọn ẹlòmíràn, bíi pé kí ẹ́jẹ́ǹtì kọ́kọ́ fi fáìlì àṣírí ránṣẹ́ sí òun. Ẹni tó bá fẹ́ lo irinṣẹ́ tí kì í ṣe òun ló kọ ọ́ gbọ́dọ̀ ka àpèjúwe rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kó tó so ó mọ́ ẹ́jẹ́ǹtì rẹ̀, kó sì tún un kà nígbàkigbà tí wọ́n bá yí i padà.