Ìṣirò gbàǹjo spectrum

Ìṣirò gbàǹjo spectrum ni ìṣirò tí ilé-iṣẹ́ fóònù máa ń ṣe kó tó lọ du ìgbì rédíò tí ìjọba fẹ́ tà, kó lè mọ iye tó lè dárúkọ àti ibi tó ti yẹ kó dúró. Ọ̀nà tí Amẹ́ríkà fi bẹ̀rẹ̀ ní 1994, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé, Paul Milgrom, Robert Wilson àti Preston McAfee, ló ronú ẹ̀: wọ́n á kó gbogbo láísẹ́ǹsì jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á máa fi owó lé owó ní ráńdì-ráńdì, ìkankan ò sì ní tán àfi tí ẹnikẹ́ni ò bá fi kọ́bọ̀ kún un mọ́. Milgrom àti Wilson gba ẹ̀bùn Nobel ti ọrọ̀ ajé ní 2020.

Wọ́n á ṣírò iye èèyàn tó máa lò ó, iye tí wọ́n á máa ná lórí dátà, òpó mélòó ni wọ́n máa rì, dísù tí jẹnẹrétọ̀ máa mu, wọ́n á wá dín owó ọdún iwájú kù torí owó ọ̀la ò tó owó òní. Ibi tí ilẹ̀ ti wọ̀ ọ́ nìyí. Ní ìpínlẹ̀ Kogi, láti Kàbà wọ Ìjùmú, dé Bùnú àti Yàgbà, òkè àpáta pọ̀, abúlé sì jìnnà síra, ẹni tó ti gun àpáta rí kó tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì pe ọmọ ẹ̀ l'Ábújá mọ̀ ọ́n dáadáa. Ìgbì 700 tàbí 900MHz máa ń rìn jìnnà, òpó díẹ̀ á ká abúlé púpọ̀, àmọ́ 3.5GHz (ìyẹn 3500MHz) tí 5G ń lò kì í lọ jìnnà, òkè sì tètè ń dí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dátà tó ń gbé n'ílùú ńlá pọ̀ gan-an.

Ewu tó le jù ni pé ẹni tó bá ṣìṣirò sókè jù ló máa ń borí, á sì sanwó jù, torí náà wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ fà á wálẹ̀ díẹ̀. Tí lọ́ọ̀tì, ìyẹn ìpín ìgbì tí wọ́n ń tà, bá jẹ́ 10, ọ̀nà tí èèyàn lè gbà kó wọn pọ̀ jẹ́ 1,023, kọ̀ǹpútà ló ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní Nàìjíríà, NCC, àjọ ìjọba tó ń darí ọ̀rọ̀ fóònù, ta lọ́ọ̀tì 3.5GHz méjì ní Dìsẹ́ńbà 2021, láísẹ́ǹsì gbogbo orílẹ̀-èdè, èyí tó túmọ̀ sí pé Èkó àti Bùnú wà nínú iye kan náà. Mílíọ̀nù $197.4 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, Airtel dúró ní ráńdì 11, MTN àti ilé-iṣẹ́ Mafab sì san mílíọ̀nù $273.6 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. MTN tún fi mílíọ̀nù $15.9 lé e kó lè yan 3500 sí 3600MHz.