Ẹ Bi Mí Nípa Aṣọ́lé Kejì Kí Ẹ Tó Bi Mí Nípa Ife Ẹ̀yẹ

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olówó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan tún pè mí. Ó ní, "Kóòṣì, ẹ wá bá wa ṣe é. Líìgì la fẹ́ gbà, a ò sì fẹ́ gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo." Mo ní, "Alága, aṣọ́lé, gólkípà, mélòó lẹ ní?" Ó ní ọ̀kan tó gbóná wà ńlẹ̀, pé àwọn yòókù kàn ń bá wọn wọ bọ́ọ̀sì ni. Ọdún 19 rèé tí mo ti ń kọ́ aṣọ́lé níṣẹ́. Gbogbo ìgbà tí líìgì bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni mo ń gbọ́ irú èsì yìí, ó sì ń dùn mí.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ẹgbẹ́ kan ṣe ń jọba lórí líìgì, kó wo Enyimba ti Aba. 1976 ni wọ́n dá wọn sílẹ̀, wọn ò sì gba líìgì rí títí di 2001. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, wọ́n gbà á ní 2001, 2002, 2003, 2005 àti 2007. Wọ́n gba ife àwọn aborí ẹgbẹ́ Áfíríkà ní 2003, wọ́n tún gbà á ní 2004. Owó Ìjọba Ìpínlẹ̀ Abia wà níbẹ̀ nígbà tí Orji Uzor Kalu ń ṣe gómìnà. Ẹni tó bá ní owó ò sí níbẹ̀, irọ́ ló ń pa. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ mìíràn náà ń náwó sórí bọ́ọ̀lù. Felix Anyansi-Agwu jókòó sórí àga alága ní 1999, ó sì lé lógún ọdún kó tó dìde. Kóòṣì ń lọ, kóòṣì ń bọ̀: Kadiri Ikhana ló gba ife 2003, Okey Emordi ló gba ti 2004. Alága ò yẹsẹ̀. Ó mọ agbábọ́ọ̀lù tó yẹ kó rà, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó tà á.

Ẹ wá wo ilé wa níbí. Shooting Stars ti Ìbàdàn ni ẹgbẹ́ Nàìjíríà tó kọ́kọ́ gba ife Áfíríkà wálé, ní 1976. Wọ́n gba líìgì ní 1976, 1980, 1983, 1995 àti 1998. Orí mi máa ń wú tí mo bá gba Adamasingba, pápá ìṣeré wọn, kọjá. Síbẹ̀, kò sígbà kankan tí wọ́n gbà á lẹ́ẹ̀mejì tẹ̀léra.

Ó ku ọ̀rọ̀ aṣọ́lé, ibi tí èmi ti mọ̀ ọ́n jù. Ní oṣù Kejìlá 2004, nínú àṣekágbá ife àwọn aborí Áfíríkà, Étoile du Sahel ti na Enyimba 2-1 ní Tùnísíà, nílé tiwọn. Ní Abuja, Enyimba náà nà wọ́n 2-1, ọ̀rọ̀ di pẹ́nárítì. Vincent Enyeama ló wà nínú ilé, ẹni tó ti ṣọ́lé fún Nàìjíríà ní ife àgbáyé 2002. Wọ́n yọ ọ́! Wọ́n fi Dele Aiyenugba wọlé, Enyimba sì borí, 5-3. Ẹgbẹ́ tó ń jọba nìyẹn: ó lè yọ ẹni tó dáa jù lọ, kí ọkàn ẹnikẹ́ni má sì já.

Irú aṣọ́lé kejì bẹ́ẹ̀ kì í ṣàdédé yọ. Bọ́ọ̀lù tí mo bá gbá sí ti àkọ́kọ́ lówùúrọ̀, iye yẹn gan-an ni mo ń gbá sí ti kejì. Mo ń kọ́ wọn pé tí ẹnì kan bá fẹ́ gba pẹ́nárítì, kí wọ́n má wo ojú rẹ̀, ojú lè tan èèyàn. Ẹsẹ̀ tó fi tẹlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀lù ni kí wọ́n wò, torí ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ yẹn bá kọjú sí ni bọ́ọ̀lù sábà máa ń lọ. Aṣọ́lé tó bá fi oṣù kan jókòó láìṣiṣẹ́, bọ́ọ̀lù òkè á máa dé kó tó jáde. Ìdajì ìṣísẹ̀ ló fi pẹ́, ìdajì yẹn sì ni gólì.

Ẹgbẹ́ kan tí mo bá ṣiṣẹ́ rí wà lókè tábìlì nígbà tí líìgì dé ìdajì. Owó oṣù mẹ́ta ni wọ́n jẹ àwọn ọmọ náà, àmọ́ wọ́n rówó fún áàfáà. Ó ní kí wọ́n ri nǹkan mọ́lẹ̀ síwájú ilé, kí gólì má baà wọlé. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ lóru, wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Mo sọ̀rọ̀ títí, wọ́n ní òyìnbó ti bà mí lórí jẹ́. Òjò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ Sátidé. Lọ́jọ́ Àìkú, ní ìṣẹ́jú kẹrìndínlógún, aṣọ́lé wa fò mú bọ́ọ̀lù, ó sì fi ẹsẹ̀ òsì balẹ̀ sórí ojú ibẹ̀. Ilẹ̀ rì. Mo gbọ́ ìró eékún rẹ̀ láti orí bẹ́ńṣì.

Aṣọ́lé kejì ò ní ìbọ̀wọ́. Ti ẹni tí wọ́n ń gbé jáde ló bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣì tutù fún òógùn. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ọmọ náà ò tíì wá sí ìgbáradì, kò rówó ọkọ̀. Gólì mẹ́rin ló wọlé lọ́jọ́ yẹn, a ò sì rí òkè tábìlì mọ́ títí líìgì fi parí.

Ẹni tí eékún rẹ̀ yẹ̀, ọmọ ọdún 22 ni nígbà náà. Kò ṣọ́lé mọ́ láti ọjọ́ yẹn.